Ohun Tó Yẹ Kó Wà Láàárín

Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín, màá pa èyí tó dùn, èyí tí ọkọ mi àkọ́kọ́ á ti fojú winá níkẹyìn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò dùn, kò sì tíì parí. Ilé-Ifẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé bàbá mi ní Ilare, lójú mi méjèèjì tí mi ò tíì máa fi gíláàsì ràn lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe lóru. Àwọn tó ń sọ irú ìtàn báyìí fẹ́ràn òru, torí òru ò ní ẹlẹ́rìí. Tèmi, ojú ọ̀sán ni. Oòrùn ń ràn. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ sí Ẹnuwá, wọ́n ń kí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn.

Sẹ̀kínát lorúkọ mi. Mo ti ta léèsì ní Kútọnu, mo ti gbé Jẹ́dà, mo ti fẹ́ ọkọ méjì, mo sì ti fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá mi kú ni mo padà wálé, tí mo ń fi yàrá háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí sinimá tó tó akẹ́kọ̀ọ́ wò. Roqeeb tó wà ní yàrá iwájú ń kọ́ nípa òfin, kò sì lè bá adìẹ rojọ́ kó jàre.

Fisáyọ̀mi ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọmọ Ìpetumodù ni. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì ló ń ṣe, nílé ìwé gíga kan tí mi ò ní dárúkọ, kí lọ́yà wọn má baà wá mi wá. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti di dókítà, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti sanra. Òun ṣì ń to ìgò kéékèèké sójú fèrèsé.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Fisáyọ̀, kí lò ń pò síbẹ̀ gan-an? Ṣé oògùn ìfẹ́ ni àbí májèlé?"

"Bàbà ni, Àǹtí. Irú èyí tó wà nínú wáyà iná."

"Wáyà lo wá fi gbogbo ìgbà èwe rẹ kọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ká ìka rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ di ẹyin mú.

"Irin kan á jókòó sáàárín," ó ní. "Àwọn nǹkan mìíràn á yí i ká, wọ́n á nawọ́ sí i, wọ́n á dì í mú. Gbogbo wọn á wá di ẹyọ kan. Kọ́ḿpílẹ́ẹ̀sì là ń pè é."

"Bí Alhaji Àtàndá àdúgbò wa àtàwọn ìyàwó ẹ̀."

"Tèmi kì í jà, mà." Ó gbé ìgò kan sókè sí oòrùn. "Ṣé ẹ rí i, bàbà fúnra rẹ̀ pupa. Àwọn tó yí i ká ò láwọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dì í mú, ó di aró. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ti bàbà, kì í ṣe tiwọn. Ìdìmú yẹn gan-an ló ni ín."

Mo ní ó yẹ kó lọ máa wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé wọ́n á dáwó sígbá fún un dáadáa. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé omi aláwọ̀ aró lásán ò tó. Ó gbọ́dọ̀ di kírísítà, òkúta wínníwínní bí iyọ̀, tí ẹ̀rọ lè yà ní fọ́tò láti fi bí ohun inú rẹ̀ ṣe jókòó hàn. Láìsí fọ́tò yẹn, kò sí ẹ̀rí pé ó ṣe nǹkan kan láyé. Gbogbo ìgò rẹ̀ ló sì ń di ẹrẹ̀. Ilé ìwé ti sọ fún un pé bí kò bá parí kí sáà yìí tó tán, àwọn á yọ orúkọ rẹ̀.

"Bí wọ́n bá yọ mí, Àǹtí," ó ní, "mi ò mọ ẹni tí màá jẹ́ mọ́."

 

Nígbà ọyẹ́, iná lọ kò sì padà. Omi tí wọ́n ń lò ní lábù, omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ kó má baà ní ìdọ̀tí kankan nínú, iná ló ń ṣe é. Iná ò sí, omi ò sí. Jẹnẹrétọ̀ wọn ní kí wọ́n bu epo fún òun, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Fisáyọ̀mi ò lè dúró. Ó wálé, ó ju dòrò sínú kànga wa, ó fi omi rẹ̀ po iṣẹ́ rẹ̀.

Kànga lásán ni o. A ń fi fọṣọ. A ń fi wẹ̀. Roqeeb fi ń se ìrẹsì, ó sì ń sanra. Mi ò ní ìtàn kankan láti sọ nípa kànga yẹn. Ì bá dáa ká ní mo ní.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, Àǹtí," ó ní. "Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n mi bá gbọ́ pé omi kànga ni, mo gbé."

"Ta ni màá sọ ọ́ fún? Ta ló máa yé?"

Kírísítà jáde. Ó pè mí wá wò ó láàárọ̀. Wọ́n wà nísàlẹ̀ ìgò, wọ́n ń dán, wọ́n ní igun bí ohun tí alágbẹ̀dẹ wúrà gé. Aró ni wọ́n, aró tó jìn débi pé bí o bá tẹjú mọ́ ọn, ojú rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fisáyọ̀mi sunkún. Èmi náà fẹ́ẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n mo ti lé tìróò.

Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ẹ̀rọ fọ́tò náà wà. A dúró. Ọ̀sán ọjọ́ tí èsì dé, ó wọlé, kò kí mi, ó jókòó tì mí lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Mo rí àwọn àmì róbótó-róbótó àti ìlà tó so wọ́n pọ̀.

"Àwọn tó yí i ká nìyí," ó ní. "Gbogbo wọn wà nípò. Gbogbo wọn nawọ́ sáàárín."

"Bàbà wá dà?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Bóyá ó jábọ́ lọ́nà. Gúúsù Áfíríkà jìn."

Kò rẹ́rìn-ín. "Bí kò bá sí níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tú ká ni. Kò yẹ kó láwọ̀." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n di nǹkan mú, Àǹtí. Kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn."

Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ń ké lójúde. 

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúnbọ̀sún ló ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wọ kóòtù lójú oòrùn, àfi bíi pé òtútù ìmọ̀ ń mú un. Ó ní Fisáyọ̀mi ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ó ní kó lọ tún un ṣe, kí àárín rẹ̀ ní nǹkan nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa lọ sílé.

Fisáyọ̀mi tún un ṣe. Iná ti dé, ó lo omi lábù. Ẹrẹ̀. Ó tún lò ó. Ẹrẹ̀. Ó padà sídìí kànga.

Ìrọ̀lẹ́ ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, èmi ni mo bá a fa omi náà. Mo ju dòrò sísàlẹ̀. Okùn sáré gba ọwọ́ mi kọjá, ó dúró. Mi ò gbọ́ kí ó kan omi. Mo na etí. Kò sí ìró. Mo fà á sókè, ó kún dẹ́nu. Mo bu omi yẹn fún un, mo tún dòrò jù láti bu tèmi tí màá fi fọ abọ́. Gbàmù. Ìró rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá.

"Ṣé o gbọ́ ti àkọ́kọ́?" mo bi í.

"Rárá."

"Etí wa ti ń darúgbó," mo ní. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Kírísítà jáde, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Fọ́tò dé. Àárín ṣófo.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ lára Fisáyọ̀mi gan-an.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, à ń jẹ ẹ̀pà nínú abọ́ kan náà. Roqeeb wọlé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ̀yin nìkan lẹ dá jókòó?"

"Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Ìwọ tó o fẹ́ di adájọ́?"

Ó wò. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Fisáyọ̀mi, bí ẹni tó ń wá àbẹ́rẹ́ nínú ẹní. "Háà, Sístà Fisáyọ̀. Ẹ má bínú." Ṣùgbọ́n ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń wò.

Mo fi Roqeeb ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹlẹ́rìn-ín ni mí, ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi wà létí kan, ọkùnrin kan wà létí kejì, Fisáyọ̀mi wà láàárín wa. Ẹ̀yìn ti kún. Awakọ̀ ò lọ. Ó yọrí síta, ó ń pariwo.

"Ẹnì kan ló kù. Ẹnì kan, à ń lọ."

"Ta ló kù?" mo ní. "Ṣé orí itan mi ló máa jókòó?"

"Ìyá, àyè wà láàárín yín."

Obìnrin kan dé, ó sanra, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kó tó dúró. Ó wo àárín. Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ máa lọ. Màá wọ òmíràn."

"Kí ló dé?" awakọ̀ bi í. "Ṣebí ẹ rí àyè."

"Mi ò mọ̀," obìnrin náà ní. "Mi ò kàn fẹ́."

Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí ọkùnrin etí kejì. Ó ti fún ara rẹ̀ mọ́ irin kẹ̀kẹ́, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti Fisáyọ̀mi. Mo wo èjìká tèmi. Èmi náà ti fún ara mi mọ́ irin. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

Fisáyọ̀mi rí i.  Ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

Ní ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti yí tábìlì ká. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ láàárín. Fisáyọ̀mi bọ́ sínú àyè náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́wọ́ omi kànga. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àsìkò díẹ̀ sí i, pé òun ò ní ibòmíràn láyé. Gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ bí èèyàn ṣe ń dákẹ́ nígbà tí bàálù bá ń kọjá lórí ilé, tí kò sí ohun téèyàn lè ṣe ju kó dúró dìgbà tó bá kọjá lọ. Ó parí.

"Ibo la dé?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Ẹ̀n-ẹ́n. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ṣófo. Adédàmọ́lá, kó ẹrù rẹ síbẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà," ọmọkùnrin kan dáhùn.

Mo wọ àárín ọ̀rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé kóòtù yẹn ti bò yín lójú ni? Ọmọ tó dúró síwájú yín ń kọ́?"

"Ọmọ wo, Màmá?"

"Fisáyọ̀mi."

Ó yí orúkọ náà ká lẹ́nu bí ẹni tó jẹ orógbó. "Orúkọ tó dára ni," ó ní. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọdé.

Mo wá rí ọwọ́ wọn. Gbogbo wọn ti nawọ́ díẹ̀ síwájú, ìka wọn là, bí ẹni tó ń yáná. Wọn ò mọ̀ pé àwọn nà á. Ọmọ mi sì wà láàárín wọn, ó ń wò mí.

A rìn padà délé, ẹnikẹ́ni ò kí i lọ́nà. Ó da gbogbo ìgò rẹ̀ sójú gọ́tà. Ó fọ́ wọn. Ó bu ẹrùpẹ̀ bò wọ́n. Kò sí ohun tó yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé fóònù lé itan, ó ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ló máa ń pè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, láti bi í bóyá ó ti jẹun.

Fóònù ò dún.

"Màmá mi ò pè, Àǹtí."

"Nẹ́tíwọ́kì ni."

"Kì í ṣe nẹ́tíwọ́kì."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí Ìpetumodù. Mo ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, mi ò dákẹ́. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá ń pè é lórúkọ, mo ń rí i dáadáa. Bí mo bá dákẹ́ láti mí, ojú mi á bọ́ sójú ọ̀nà.

Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀. Níbẹ̀, ìkòkò kì í yí. Amọ̀kòkò ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń rìn yí ìkòkò ká, tó ń fi ọwọ́ ra á. Ká tó wọ àgbàlá la ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ṣà. Ṣà. Ṣà. Mo ní, "Ìyá rẹ ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ le, kí lò ń bẹ̀rù?"

A wọlé. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí. Ọwọ́ rẹ̀ ń ra afẹ́fẹ́. Kò sí ìkòkò. Kò sí amọ̀. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ti jìn bí ipa odò.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," mo ní.

"Oo. Ẹ káàbọ̀." Kò dúró.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń mọ ìkòkò."

"Ìkòkò dà?"

"Ó wà láàárín."

"Mi ò rí i."

"Èmi náà ò rí i," ìyá náà ní. "Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

"Ta lẹ̀ ń mọ ọ́n fún?"

Ó yí lẹ́ẹ̀kan kó tó dá mi lóhùn. "Ẹnì kan ni. Mi ò rántí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró, àyà mi á máa já."

"Mọ̀ọ́mì," Fisáyọ̀mi ní. "Mọ̀ọ́mì, èmi nìyí." Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ ọ. Ọmọ kúnlẹ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ìyá. Ìyá yà fún un, kò wò ó, ó ń yí lọ.

Ni ọmọ náà bá wọ àárín, ó jókòó sílẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá, ó gba èjìká rẹ̀, ó ń ra á. Mo sì rí i. Mo rí i kedere. Mo rí àpá kékeré tó wà lókè ojú rẹ̀ tí mo ti gbàgbé pé ó wà. Mo rí i pé ó ti rù. Mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, mi ò sì mọ̀ pé mi ò rí i.

"Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ. "Ó ń dì mí mú."

Ìyá náà dúró láti nu òógùn.

Mo dúró ní àgbàlá kan ní Ìpetumodù. Oòrùn mú. Arúgbó kan wà níwájú mi, ó ń fi ìborùn nu ojú. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo wá rà níbẹ̀. Mo ti yí padà láti máa lọ.

Ṣà. Ṣà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìrántí já lù mí bí omi tútù, mo fi ọwọ́ di ògiri mú.

"Ẹ má jẹ́ kó dúró," Fisáyọ̀mi ní láti ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi. Ẹ má jẹ́ kó dúró."

"Títí dìgbà wo?"

 Ọmọ tó mọ ìwé ni, bí ó bá mọ̀ ọ́n, ì bá sọ.

Mi ò tíì padà sí Ilare láti ìgbà náà. Àwọn aládùúgbò ń wá. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ìyá ti wú, pé orí rẹ̀ ti dàrú, pé àwọn fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fún un lóògùn oorun. Mo bú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Èèyàn dáadáa ni gbogbo wọn, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí, torí èèyàn dáadáa kì í jáwọ́. Bí oorun bá ti fẹ́ gbé ìyá náà, èmi ni mo ń bọ́ sí i, kí ẹsẹ̀ má baà dúró. Èmi Sẹ̀kínát, tí mi ò mọ ọpọ́n amọ̀ yàtọ̀ sí ọpọ́n ẹ̀kọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń yí, ìbàdí ń ro mí. Àwọn tó ń kọjá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, mi ò lè bá wọn wíjọ́.

"Alhaja, kí ló sọnù?"

"Kò tíì sọnù," ni mo máa ń sọ fún wọn.

Mi ò wo àárín mọ́. Níjọ́ kìíní tí mo ń yí, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, n kò sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí tàbí tí mi ò rí. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Ọwọ́ mi wà níwájú. Nígbà mìíràn ó máa ń kan nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì ń sọ fún ara mi pé orí ni, irun ni, èjìká ni.

Ìyá ló ń yí nísinsìnyí, ni mo fi ráyè kọ èyí. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ṣà. Ṣà. Àwọn kan ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní kó jókòó díẹ̀, kó mu omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń falẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dìde.